Ìlà Iná Tó Kọjá Lẹ́ẹ̀kan

Olójú-Òkè ni wọ́n ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ládùúgbò, kò sì bínú sí i. Fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ káàdì ìdánimọ̀ ló ń yà jẹun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn mẹ́ta lè dúró sí tí wọn ò ní máa tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀: aṣọ funfun kan lára ògiri, àpótí kan tí oníbàárà ń jókòó lé, iná méjì lórí ọ̀pá, àti kọ̀ǹpútà kan lẹ́yìn kọ́tìnì dúdú. Bí oníbàárà bá jókòó tán, á ní, "Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Ìjọba ò fẹ́ ẹ̀rín." Bí obìnrin kan bá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun pa àpá ojú òun rẹ́, á dá a lóhùn pé, "Ojú tẹ́ ẹ gbé wá ni màá yà, ìyá mi. Tí mo bá pààrọ̀ ẹ̀, tí wọ́n wá dá yín dúró ní ẹnubodè, ṣé èmi ni màá wá bá yín jẹ́rìí pé ẹ̀yin ni?" Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, òun náà á sì tún sọ pé kó má rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ènìyàn ló gbà á lọ́kàn. Ojú ọ̀run ni. Ó ní kámẹ́rà kejì tí oníbàárà kankan ò rí rí, ó sì ní ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń yí kámẹ́rà náà díẹ̀díẹ̀, kó lè máa tẹ̀ lé àwọn ìràwọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí kò sì sí ìkùukùu, òrùlé pẹrẹsẹ tí wọ́n ń sá aṣọ sí nílé wọn ló máa gùn.

"Olójú-Òkè, ẹ bá mi wò ó bóyá òjò á rọ̀ lọ́la, mo fẹ́ fọ aṣọ ìbora," ni ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn máa ń wí.

"Wọn ò fi òjò sí ìkáwọ́ mi," lèsì rẹ̀. "Ìràwọ̀ nìkan ni mo mọ̀, àwọn náà ò sì kí mi rí."

Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi lọ́jọ́ kan tí mo wá bá a tún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kàn, torí káfíńtà lèmi. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kò lágbára tó kéèyàn yà á lẹ́ẹ̀kan kó jọ nǹkan. Ibì kan náà lèèyàn máa yà léraléra, kọ̀ǹpútà á wá to gbogbo fọ́tò náà léra wọn bí ẹni to aṣọ sínú àpótí. Ohun tó bá wà nínú gbogbo wọn, ìràwọ̀ nìyẹn, á fi í sílẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo, kòkòrò tó fò kọjá ni, tàbí iná mọ́tò, tàbí ìdọ̀tí, á gbá a dànù láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

"Kọ̀ǹpútà kì í gba ẹlẹ́rìí kan gbọ́," ó wí.

Mo ní, "Pásítọ̀ wa náà kì í gbà á tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ wá."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo ti rántí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà látìgbà náà, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni. Yàrá iwájú ilé wọn ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì kọjú sí fèrèsé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọkùnrin, ó sì ga débi pé tó bá ń wọlé, ó ní láti tẹrí ba fún ilẹ̀kùn. Àgùntáṣọọ́lò ni ìyá rẹ̀ ń pè é.

"Àgùntáṣọọ́lò mi, dúró kí n wọn apá ẹ. O tún ti ga sí i àbí? Ṣé o fẹ́ kí n máa ra odindi ìgàn aṣọ nítorí tìẹ nìkan ni?"

Ọmọ náà á ní, "Ẹ̀yin lẹ bí mi bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Ẹ máa rán an lọ."

Ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ láti wá iṣẹ́ lókè òkun. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kì í ṣe ọ̀nà tí ẹni tó níwèé ìrìnnà ń gbà. Ó pè láti etí omi. Mo wà nítòsí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sétí, afẹ́fẹ́ ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀ ju ohùn ọmọ lọ. Ó ní, "Mọ́mì, a fẹ́ wọ ọkọ̀ báyìí. Tá a bá ti sọdá, màá pè yín." Kò pè. A wá a dé àwọn ọ́fíìsì tí a mọ̀ àti èyí tí a ò mọ̀. Wọn ò rí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó dé, wọn ò sì rí i láàárín àwọn tí omi gbé jáde.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí a parí àwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi délé, ó ní inú ilé ń fún òun lọ́rùn. Ó gun òrùlé lọ bá ọkọ rẹ̀. Ìyẹn ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó ti ń yà, ó sì dorí kodò sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ohun tó bá Ọlọ́run sọ kò gùn, ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà: "Tó bá wà láàyè, fi hàn mí. Tí kò bá sí láàyè, má fi nǹkan kan hàn mí." Ó la ojú. Iná kan ń kọjá lókè, ó pọ́n bíi wúrà, ó ń lọ jẹ́ẹ́, kò pariwo. Láti apá ibi tí òkun wà ló ti wá, ó gba orí ilé wọn kọjá, ó sì wọ ẹ̀yìn táǹkì omi lọ.

Ó figbe ta. Kí ọkọ rẹ̀ tó gbójú sókè, kò sí nǹkan kan mọ́.

"Kí lo rí?"

"Ó wà láàyè, Dádì. Ó wà láàyè."

"Fara balẹ̀. Kámẹ́rà ń yà lọ́wọ́. Tí nǹkan kan bá kọjá, á ti wà nínú ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì ó da gbogbo fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà. Kò wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí kọ̀ǹpútà tó ní nígbà yẹn, tó bá ṣí ẹyọ fọ́tò kan, èèyàn lè lọ wẹ̀ kó dé kó tó ṣí tán. Ó kàn ní kó tò wọ́n léra wọn. Ojú ọ̀run jáde, ó mọ́ tónítóní. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó.

"Kò sí níbẹ̀, Mọ́mì."

"Kámẹ́rà yín ò rí i," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èmi rí i."

Ó jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a pàtẹ́wọ́, a kọrin. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ló ń rán ṣẹ́ẹ̀tì kan fún ọmọ náà. Ojú inú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Á ní, "Èjìká ẹ̀ á ti fẹ̀ sí i báyìí," á sì fi kún aṣọ. Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà wà lórí ìkọ́ nínú yàrá ọmọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ẹrù míì síbẹ̀. Nígbà tí ẹbí dábàá pé ká ṣe ìsìn ìrántí fún un, kí ọkàn kálukú lè balẹ̀, ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún wa. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìrántí, kó lọ ṣe ti ara ẹ̀." Ọkọ rẹ̀ jókòó sí igun yàrá, kò dá sí i. Òun náà ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń wà, ṣùgbọ́n ohun tó gbà gbọ́ nípa ọmọ náà, kò sọ ọ́ lójú mi rí.

Àìsàn ẹ̀gbọ́n mi kò yọ́ wá. Ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, dókítà ní ẹ̀dọ̀ ni, pé ó ti pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá. Wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù. Pásítọ̀ wá, ó fi òróró sí i lórí. Àwa ẹgbẹ́ àdúrà pín ara wa, kò sí ọjọ́ tí ẹnìkan kì í wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbàdúrà títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi, mo wá ń pe orúkọ Ọlọ́run nìkan láìfi nǹkan míì tì í. Ara rẹ̀ ń burú sí i. Mi ò sọ pé Ọlọ́run ò gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Dádì, iná yẹn."

"Iná wo?"

"Iná wo lẹ tún ń bi mí? Iná tí mo rí lórí òrùlé. Ẹ bá mi wá a. Mo mọ̀ pé mi ò ní pẹ́, ẹ má fún mi lésì, mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ tún un rí kó dá mi lójú. Tó bá dá mi lójú, màá lè fi ọmọ yẹn sílẹ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ ó máa dúró dè é. Mi ò fẹ́ máa ṣiyèméjì lọ bá Ọlọ́run."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ iyèméjì lẹ́nu rẹ̀. Ó dẹ́rù bà mí ju ọ̀rọ̀ dókítà lọ.

 Bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, ọkọ rẹ̀ dúró gbọnrangandan láàárín ọ̀nà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń fara gbún un. Ó ní, "Ẹlẹ́rìí kan."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́nà."

"Ẹ̀rọ yẹn ló gbá a dànù! Ó kọjá lẹ́ẹ̀kan, inú ẹyọ fọ́tò kan ló máa wà. Ọdún mélòó ni mo ti ń sọ fún obìnrin yìí pé kò rí nǹkan kan?"

Kó lè yé yín: láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ó ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ó ń wo fídíò àwọn tó ń ṣe é nílẹ̀ òkèèrè, ó ń dá a dúró, ó ń dá a padà, títí ó fi mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sórí àwọn fọ́tò àtijọ́, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń tún wọn ṣe. Ó fi méjì hàn mí rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti àkọ́kọ́ dà bí eérú tí ẹnìkan fẹ́ iyọ̀ lé. Nínú ìkejì, ìkùukùu pupa fẹ́lẹ́ kan wà láàárín àwọn ìràwọ̀, bí èémí ẹni tó mí sára gíláàsì. Mo ní èwo ló yà lẹ́yìn. Ó ní, "Fọ́tò kan náà ni. Ohun gbogbo wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo yà á. Ọwọ́ mi ni ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde." Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn. Mo tiẹ̀ fi í ṣe àpẹẹrẹ nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀ ìyànjú ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó kù ni bóyá ẹyọ fọ́tò ọjọ́ náà ṣì wà. Ó níwà kan, òun náà mọ̀ ọ́n: tó bá ti to fọ́tò tán, á pa àwọn ẹlẹ́yọ rẹ̀ rẹ́ kí àyè má bàa kún. A tú ṣọ́ọ̀bù, a tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A rí dísìkì àtijọ́ kan nínú páálí bàtà, èyí tó ti ń da ẹ̀dà àwọn fọ́tò sí nígbà kan, tó sì ti gbàgbé. Bó ṣe so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń dún gọ̀-gọ̀-gọ̀ bí eyín ẹni tí òtútù mú, á ṣí, á tún kú. Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń rọra bá a sọ̀rọ̀. Mo fi í sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo wà lórí àkàbà, mò ń kan férémù fèrèsé, nígbà tó pè mí.

"Àbúrò, mo ti rí i."

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti pe ìyàwó rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi nínú fóònù, ohùn tí mo rò pé ó ti tán. Ó ń sọ fún àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yòókù: "Ẹ gbọ́! Ọkọ mi ti rí i! Mo sọ fún un, mo sọ fún un!" Nọ́ọ̀sì kan ń ní kó rọra. Ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Mo wo kọ̀ǹpútà. Fọ́tò náà rí pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, ó ṣú, ṣùgbọ́n ìlà náà wà níbẹ̀. Ó gùn láti igun kan dé igun kejì, ó pọ́n, kò já níbì kankan. Mo kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré yẹn, ẹsẹ̀ mi wà níta kọ́tìnì.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ká gbé e lọ," mo wí.

"Bó ṣe rí yìí kọ́. Wò ó bó ṣe dọ̀tí. Ọdún gbogbo tó ti ń dúró dè é, ṣé irú èyí ni màá gbé fún un? Jẹ́ kí n tún un ṣe dáadáa. Ọjọ́ díẹ̀ ni."

Tó bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀.

Mo tún lọ lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn iṣẹ́. Kọ́tìnì wà ní ṣíṣí. Ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, ó ń wo aṣọ funfun ara ògiri.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti parí?"

"Wò ó."

Ojú ọ̀run náà ti mọ́. Gbogbo eruku ti kúrò níbẹ̀, ìràwọ̀ wà níbi tí mi ò mọ̀ pé ìràwọ̀ wà. Ìlà náà sì ti já sí wẹ́wẹ́. Kì í ṣe ìlà mọ́: ó mọ́lẹ̀, ó dákẹ́, ó mọ́lẹ̀, ó dákẹ́, bó ṣe tò nìyẹn láti igun dé igun, bákan náà ni àlàfo wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá kan, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan ń bá a lọ. Lápá kejì, àwọ̀ ewé.

"Kí ni gbogbo eléyìí?"

"Iná apá rẹ̀ ni. Pupa wà lápá òsì, àwọ̀ ewé wà lápá ọ̀tún. Iná tó ń ṣẹ́jú yẹn wà lábẹ́ ikùn rẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka nǹkan lára pátákó. "Ọkọ̀ òfurufú ni. Bí mo ṣe ń nù ún ló ń hàn. Mo rò pé èmi ni mo ṣì í ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó tún hàn. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ń hàn tó."

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ló fẹ́ ya fọ́tò káàdì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó tan iná méjèèjì.

"Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Má rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ẹ lè bá mi dín apá tó pá níwájú orí mi yìí kù? Iyì ọmọkùnrin ni."

"Orí tó o gbé wá ni màá yà, ọ̀gá mi."

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín lọ pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Mo dúró títí ilẹ̀kùn fi tì.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣì ní ti àkọ́kọ́. Èyí tó ṣú yẹn. Ẹ mú ìyẹn lọ."

"Mo mọ̀ pé wàá sọ ọ́."

"Irọ́ kọ́ ni. Kámẹ́rà yín ló yà á. Ẹ ò fọwọ́ kàn án."

"Ìwọ tó ń kọ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì lo sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Èmi ni mo sọ ọ́."

Ó wò mí títí. Ojú rẹ̀ kò ní ẹ̀gàn nínú, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní, "O ò mọ̀ ọ́n. Ṣé o rò pé ó máa wò ó kó sì dákẹ́? Ó máa bi mí pé, Dádì, kí ni? Kí ni màá wá sọ?"

Ó tẹ méjèèjì jáde sórí bébà dídán tó fi ń tẹ fọ́tò ìgbéyàwó, ó kó wọn sínú àpòòwé kan ṣoṣo. Lójú ọ̀nà, mò ń retí pé á yọ ọ̀kan kúrò. Kò yọ ọ́. Nígbà tá a dé ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì, ó na àpòòwé náà sí ìyàwó rẹ̀ lódindi bó ṣe wà. Títí dòní, mi ò tíì mọ̀ bóyá ìgboyà ni tàbí ojo.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí wọ́n tún irun òun ṣe. Ó ti fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn, ó wọ gíláàsì tó fi ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì na ọrùn.

"Ó ti dé! Ìyá, ẹ jẹ́ káwa náà rí i o."

"Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ọmọ mi."

Èyí tó ṣú ló kọ́kọ́ fà yọ. Ojú rẹ̀ tú ká. Ó fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe máa ń tọ ojú ìrán aṣọ láti wò ó bóyá ó tọ́. "Òun ni," ó wí. "Òun gan-an ni." Ó wá rí i pé òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fà á yọ. Ó wò ó, ó sún un mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Dádì, èwo lẹ ṣe gbẹ̀yìn nínú méjèèjì?"

"Eléyìí."

"Òun lẹ fi gbogbo ìmọ̀ yín ṣe?"

"Òun ni."

"Kí ló ń tò tẹ̀ lé ara wọn báyìí?"

Ọkọ rẹ̀ kò gbójú sókè. "Iná ọkọ̀ òfurufú ni, Mọ́mì."

Kò sunkún. Ó gbé fọ́tò náà lé orí ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹni ń tẹ́ aṣọ tó fẹ́ gé. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Àwọn tó wà nínú ẹ̀, wọ́n á kúkú ti dé ibi tí wọ́n ń lọ."

 Mo ní, "Sístà, kò sí ohun tí Ọlọ́run ò lè lò. Ó lè lo ọkọ̀ òfurufú. Ẹ bi í léèrè, ẹ sì rí nǹkan."

Ó yí ojú sí mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ìlà iná tó wà nínú fọ́tò náà.

"Àbúrò mi, ṣé òní ni ọkọ̀ òfurufú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba orí ilé wa kọjá ni? Èyí tó kọjá láàárọ̀ yìí ńkọ́? Kí ni ìyẹn wí?"

 Mo ti kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìdánwò ìgbàgbọ́, mo sì mọ ohun tó yẹ kéèyàn sọ níbẹ̀. Mo wá a lẹ́nu mi, kò sí.

Obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì ní, "Ìyá, ẹ ò ní fi hàn wá?" Ẹ̀gbọ́n mi na èyí tó ṣú sí i. "Ẹ gbà. Ẹ máa wò ó." Obìnrin náà wò ó, ó ní ó mà rẹwà o, ó ní Olúwa tóbi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ṣeun."

Ó wá bọ́ gíláàsì, ó ká a. "Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ wá ẹni tí wọ́n bá mú fún. Ẹ má jẹ́ kí kòkòrò jẹ wọ́n dànù. Kẹ́ ẹ sì ṣí fèrèsé yàrá yẹn."

"Mọ́mì—" ni ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣe ìsìn ìrántí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ ṣe é pẹ̀lú tèmi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má da ara yín láàmù lẹ́ẹ̀mejì."

Kò mẹ́nu kan iná yẹn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí mo bá wá gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ṣe àmín, ṣùgbọ́n àmín ẹni tí kò fẹ́ kí ojú tì mí ni. Ó kú kí oṣù náà tó parí. A ṣe ìsìn kan fún àwọn méjèèjì, bó ṣe wí. Pásítọ̀ ní ó sùn nínú ìgbàgbọ́. Mo ṣe àmín, mo sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà kò mú fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé wọn yí ká ẹbí, mo gbé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Apá wọn gùn jù, èjìká wọn fẹ̀ jù. Kò sí ẹni tó ga bí ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi ń rò lọ́kàn. Wọ́n wà nílé mi báyìí, nínú àpò kan lẹ́yìn pákó.

Ọkọ rẹ̀ ṣì ń ya fọ́tò káàdì. Ó ṣì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kì í rẹ́rìn-ín mọ́, torí ọ̀nà tó ń gbà sọ ọ́ ti yàtọ̀. Kò gun òrùlé mọ́. Ìyá ìsàlẹ̀ ilé wọn bi í lọ́jọ́ kan pé, "Olójú-Òkè, òjò ńkọ́?" Ó ní, "Mi ò mọ̀," ó wọlé.

Tó bá ti ya ẹni tó wà níwájú rẹ̀ tán, ẹ̀yìn kọ́tìnì ló ń wọ̀. Mo rò pé fọ́tò ìràwọ̀ ló ń tún ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo rí ohun tó ń ṣe. Gbogbo ẹyọ fọ́tò tó kù nínú dísìkì yẹn, ti àwọn alẹ́ tó gun òrùlé lẹ́yìn tí ọmọ ti lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣí wọn. Kò tò wọ́n léra wọn mọ́. Ohun tó kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń wá. Tó bá rí ìlà kan, á nù ún, á fọ̀ ọ́, á fi gbogbo ìmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sí i, bóyá á rí ọ̀kan tí kò ní já.

Ọkùnrin tó ń jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí mi ò gbọ́ kó béèrè àmì lọ́wọ́ Ọlọ́run rí, òun ló ń wá a báyìí.

Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, kò yíjú padà. Ó ní, "Àbúrò, sún mọ́bí. Ojú mi ti rẹ̀. Wo eléyìí fún mi. Ṣé ó ń ṣẹ́jú?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, mo wò ó. Ìlà tín-ín-rín kan ni, ní igun ìsàlẹ̀, kò lágbára. Mo bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó jẹ́ kó wà lódindi. Mo wò ó títí omi fi gba ojú mi.

"Ó ń ṣẹ́jú, Bọ̀ọ̀dá."

Ó tì í. Ó ṣí òmíràn.